Ìjọba, Ààlè Yín Dà?

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká fi ewì ìfẹ́ sílẹ̀ ná, ọ̀rọ̀ ọ̀kadà ni mo gbé wá lónìí. Ẹni tó bá ń bi mí pé kí ló kan akéwì kan ọ̀rọ̀ ojú títì, kó rántí pé Wọlé Ṣóyínká, òǹkọ̀wé bíi tiwa, ni alága àkọ́kọ́ fún àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá a sílẹ̀ ní 1988. Bí òǹkọ̀wé bá lè ṣọ́ ọ̀nà, akéwì náà lè sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Gbogbo ìgbà tí wàhálà bá ti ṣẹlẹ̀ ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó, ì báà jẹ́ jàǹbá ojú ọ̀nà, ì báà jẹ́ pé wọ́n já báàgì gbà lọ́wọ́ ẹnì kan, ohùn kan náà lẹ ó máa gbọ́ nínú họ́sítẹ̀lì àti níbi tá a ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì: "Ẹ fòfin de ọ̀kadà jàre! Ẹ ṣe é bí wọ́n ṣe ṣe é l'Ékòó!" Àwọn tó ń pariwo yìí, ẹ̀yìn ọ̀kadà náà ni wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀.

Èmi ò fara mọ́ ọn. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N ò sọ pé kí ọ̀kadà máa gba ibi tó bá wù ú. Ó yẹ kí òfin wà lórí ibi tí ọ̀kadà lè gbà àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé. Ohun tí mò ń bá jà ni òfin tó fara pamọ́: òfin tí kò sí lójú ọ̀nà, tí kò sí lédè tí ọlọ́kadà gbọ́, tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá gba alùpùpù lọ́wọ́ èèyàn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ̀ pé ó wà. Irú òfin bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òfin. Pàkúté ni.

Àwọn baba ńlá wa mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì. Bí àgbẹ̀ bá kó igi ìdáná jọ sẹ́bàá ọ̀nà, tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, kì í lọ lúgọ sẹ́yìn igi kó máa dúró de olè. Ààlè ló máa fi sí i: àkísà, ṣùkù àgbàdo, bàtà tó ti gbó, ìgbálẹ̀ tó ti kú. Ẹni tó bá ń kọjá, bó kàwé, bí kò kàwé, á rí i, á sì mọ̀ pé ẹrù ẹlẹ́rù nìyẹn. Bó bá wá gbé e lẹ́yìn tó ti rí i, ohun tójú ẹ̀ bá rí, kó fara mọ́ ọn. Bákan náà, ibi tí ọ̀gbẹ̀rì ò gbọdọ̀ wọ̀, màrìwò ni wọ́n ń ta sí ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Àwa tá à ń rí ọdún Ògún ní Oǹdó lọ́dọọdún mọ ohun tí màrìwò ń wí. Kò lẹ́nu, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ń gbọ́ ọ. Ìkìlọ̀ á kọ́kọ́ wá, ìjìyà á wá tẹ̀lé e. Bí Yorùbá ṣe mọ òfin nìyẹn.

Ìbéèrè tí mo wá ní fún ìjọba kò ju ẹyọ kan lọ: ààlè yín dà?

Ẹ jẹ́ ká wo Èkó tẹ́ ẹ ní ká fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ní ọjọ́ 2 oṣù Ògún, ọdún 2012, Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá buwọ́ lu òfin ìrìnnà ojú pópó. Oṣù Ògún, ẹni tó ni irin, ni wọ́n mú! Òfin yẹn ka ọ̀nà 475 sílẹ̀ tí ọ̀kadà kò gbọdọ̀ gbà mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ nípa Ifá ní kíláàsì, odù mélòó ló wà? 256 ni. Ọdún mélòó ni ọmọ awo ń lò lẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ kó tó mọ̀ wọ́n? Ẹ sì wo ìrànlọ́wọ́ tó ní: ọ̀gá ń pè é, òun ń jẹ́ ẹ, ọpọ́n wà nílẹ̀, ìyẹ̀rosùn wà nílẹ̀. Ìjọba wá fẹ́ kí ẹni tó jí jáde ní aago márùn-ún ìdájí láti lọ wá owó gaàrí mọ orúkọ ọ̀nà 475 sórí, láìsí ọ̀gá, láìsí ọpọ́n. Babaláwo gan-an á ní ẹ jẹ́ kóun lọ sinmi ná.

Kò tán síbẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Èrèlé, ọdún 2020, lábẹ́ Gómìnà Sanwó-Olú, ìjọba Èkó lé ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ 6 àti ìjọba onídàgbàsókè 9, pẹ̀lú òpópónà 10 àti afárá 40. Àwọn iléeṣẹ́ bíi Gokada, MAX àti ORide, tó ń kọ́ awakọ̀ wọn, tó sì ń fún wọn ní akoto, àwọn náà ò bọ́. Ní oṣù Èbìbí 2022, àwọn ọlọ́kadà kan lu ọ̀dọ́kùnrin kan pa ní Lẹkí nítorí àríyànjiyàn lórí owó, wọ́n sì dáná sun ún. Ìwà ẹranko gbáà ni, n ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ìjọba ṣe? Láti ọjọ́ 1 oṣù Òkúdù, wọ́n lé ọ̀kadà pátápátá kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ 6. Wọ́n kéde pé ẹni tó gùn ún àti ẹni tó gbé sẹ́yìn lè jọ fẹ̀wọ̀n ọdún 3 jura. Nígbà tó di ọjọ́ 1 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún kan náà, wọ́n fi ìjọba ìbílẹ̀ 4 kún un. Wọ́n fi ẹ̀rọ rún alùpùpù ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún wómúwómú.

Ó yẹ kí wọ́n mú àwọn tó pa ọmọ ọlọ́mọ kí wọ́n sì dá wọn lẹ́jọ́. Àmọ́ ta ló ni alùpùpù tí wọ́n rún? Àwọn tó pààyàn nìkan ni? Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún yẹn, ṣé kò sí ẹni tó gbowó àjọ rà á? Ṣé kò sí ẹni tó ṣì ń san án díẹ̀díẹ̀ fún olówó rẹ̀? Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ náà, ọ̀kadà ò tán l'Ékòó. Ó kàn wọ àdúgbò ni.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀ tó ń pa mí lẹ́rìn-ín tó sì ń dùn mí. Nígbà tí ìjọba Èkó ń ṣe ti 2020, wọ́n yọ alùpùpù akóẹrù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá tó 200cc sílẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀kadà tá à ń gùn káàkiri kò ju 100cc sí 125cc lọ. Kí ló ń jẹ́ 200cc? Owó ni, ẹ̀gbọ́n! Ẹni tó lówó ra èyí tó tóbi, ọ̀nà là fún un. Ẹni tí agbára ẹ̀ mọ ní Bajaj kékeré, kó máa lọ.

Ẹnì kan á ní, "Ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe é ní ìlú òyìnbó." Òótọ́ ni, mo mọ̀. Ní Bìrìtìkó, alùpùpù kékeré tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 50cc lọ, tí eré rẹ̀ kò sì ju kìlómítà 45 ní wákàtí kan lọ, kò gbọdọ̀ gun ojú ọ̀nà márosẹ̀ wọn ńlá. Ìdí rẹ̀ yé ọmọdé: bí mọ́tò tó ń sá kìlómítà 110 bá bá nǹkan tó ń rá pálá níwájú, ikú ló dé yẹn. Èmi náà kò fẹ́ kí ọ̀kadà máa gbé èrò láti Àkúrẹ́ lọ sí Iléṣà lórí ọ̀nà márosẹ̀, tàbí láti Oǹdó lọ sí Ọ̀rẹ̀, kí tírélà máa fọn fèrè sí i lẹ́yìn. Ẹ kọ òfin yẹn, màá bá yín fọwọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìdí máa bá òfin rìn. Ní Ẹnu-Ọwá tàbí ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́, níbi tí mọ́tò ti ń wọ́ tẹ̀lé ewúrẹ́, níbi tí alátà ti na ẹsẹ̀ sójú títì, eré wo lẹ ń bẹ̀rù níbẹ̀? Ọ̀nà tó lọ sí oko kòkó lápá Ìdànrè, tí bọ́ọ̀sì kò lè dé, tó jẹ́ pé ọ̀kadà ló ń gbé àpò kòkó jáde, tí òun náà ló ń gbé aboyún tó ń rọbí jáde lóru, ṣé ibẹ̀ náà lẹ fẹ́ tì? Bí ọ̀nà bá ṣe rí ni kí òfin rí. Ẹ má fi àpò èèyàn wọn òfin.

Àwọn mìíràn á ní ajínigbé ń lo ọ̀kadà. Ajínigbé ń lo Sienna náà, ta ló ti fòfin de Sienna?

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ ààlè. Mo bi bàbá kan tó ń gbé ọ̀kadà ní gáréèjì Àkúrẹ́, níbí ní Oǹdó, ní ìbéèrè lọ́jọ́ kan.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ gbogbo ibi tí òfin ní kẹ́ ẹ má gbà?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ibi tí wọ́n bá ti mú mi rí ni mo mọ̀."

"Ṣé wọn ò fún yín ní ìwé kankan ni, sà?"

"Ìwé wo? Ìwé owó ìtanràn ni mo rí gbà. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Àbúrò yín tó wà ní JSS ló bá mi kà á."

Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà: ibi tí wọ́n bá ti mú mi rí ni mo mọ̀. Àgbàlagbà ni o, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Kì í ṣe ọmọ ìta, kì í ṣe jàǹdùkú. Ìyà nìkan ló kọ́ ọ ní òfin. Bí a ṣe ń kọ́ ewúrẹ́ kó má wọ ilé ìdáná nìyẹn, kì í ṣe bí a ṣe ń kọ́ ọmọ Yorùbá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ nípa Yorùbá bíi tèmi, ibi tọ́rọ̀ ti kàn wá nìyí. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, abala 55, gbà kí ilé aṣòfin àpapọ̀ máa lo Haúsá, Ígbò àti Yorùbá pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì bí ètò bá ti wà fún un. Abala 97 gbà kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ fi èdè tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà kún Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n bá ti fẹnu kò lé e lórí. Ilẹ̀kùn ò tì. Ta ló ń kàn án? Ní 2018, Èkó ṣòfin pé kí gbogbo ilé-ìwé máa kọ́ ọmọ ní Yorùbá. Ní 2018 yẹn náà ni wọ́n ṣe òfin àtúntò ìrìnnà tí wọ́n fi ń gba alùpùpù. Ẹ wá rò ó: ìjọba tó ní kí ọmọ ọlọ́kadà kọ́ Yorùbá ní kíláàsì, ṣé ó ti sọ òfin tí yóò fi mú bàbá ọmọ náà ní Yorùbá lẹ́nu gáréèjì? Àbí ti ìdánwò nìkan ni Yorùbá wà fún?

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ní ọlọ́kadà kì í gbọ́ràn, bó rí ààlè, bí kò rí ààlè. Ẹ ní wọ́n ń gba ọwọ́ òdì, wọ́n ń gbé èrò mẹ́ta pọ̀, wọn kì í dé akoto. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ẹ lọ béèrè ní ibùdó ìtọ́jú àwọn tó fara pa ní Lájé, ní Oǹdó níbí: àwọn tí alùpùpù ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n ń gbé lọ síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kò sí ewu kankan lórí ọ̀kadà ń tan ara ẹ̀ jẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọ̀rọ̀ akoto. Láti ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹẹrẹ 2009 ni àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti ní gbogbo ọlọ́kadà àti èrò ẹ̀yìn wọn gbọ́dọ̀ dé akoto. Ní Kánò, àwọn kan gé igbá, wọ́n dé e sórí. Gbogbo ayé fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ìròyìn ẹ̀ dé òkè òkun. Àmọ́ ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, kí ni akoto kó tó di ohun tí ọlọ́kadà ń dé? Igbá kan ni! Ká ní ọmọ Yorùbá ló ṣe é, wọn ì bá ní ó kúkú tẹ̀lé òfin bí èdè ṣe sọ ọ́ ni. Mo ń ṣeré, ṣùgbọ́n òótọ́ wà nínú eré náà. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé torí ọlọ́pàá lòun ṣe ń dé akoto, igbá á tó o. Bí wọ́n bá la ìdí rẹ̀ yé e pé orí ẹ̀ ló wà fún, á mọ̀ pé igbá ò lè gba òun.

Wọ́n sì ń ṣe é níbòmíràn. Ní Kútọnú, nílẹ̀ Bìní tó múlé gbè wá, àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, tí wọ́n ń pè ní zémidjan, ń wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè tí nọ́ńbà wà lára ẹ̀. Orúkọ wọn lédè Fọ̀n ni "gbé mi kíá". Bó bá gbé ẹ kíá tó sì ṣẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà wà tí wàá fi wá a. Ní Kìgálì, olú ìlú Rùwáńdà, akoto méjì ló máa ń wà lórí alùpùpù, ọ̀kan fún awakọ̀, ọ̀kan fún èrò, èrò kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń gbé. Aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ni wọ́n. Wọn ò bẹ́ orí, orí sì ń dín ní fífọ́.

Kí ni mo wá ń fẹ́ kí ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe? Òfin yòówù tí a bá ti ní, àti èyí tó bá ń bọ̀, mo fẹ́ kó gba ẹnu ọ̀nà mẹ́ta kọjá kó tó mú ẹnikẹ́ni.

Èkíní, kí ìdí wà fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tì, kí wọ́n sì sọ ìdí náà. Bí Ọba Adésídà bá kún jù ní òwúrọ̀, ẹ sọ pé òwúrọ̀ ni, ẹ má ti àdúgbò pa tọ̀sán-tòru.

Èkejì, kí àmì dúró sí ẹnu ọ̀nà náà. Àmì yìí ti wà nílé ayé tipẹ́, ayé ti fẹnu kò lé e ní Vienna láti 1968: òbìrí pupa, àwòrán alùpùpù láàárín. Kò nílò Gẹ̀ẹ́sì, kò nílò ìwé mẹ́wàá. Màrìwò irin ni! Ẹ gbé e sórí òpó, kí ẹni tó ń bọ̀ láti Òbá-Ilé rí i kó tó wọ̀ ọ́, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti wọ̀ ọ́ tán tí wọ́n ti yọ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ẹ́ńjìnnì ẹ̀. Ibi tí kò bá sí àmì, kò gbọdọ̀ sí ìtanràn.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n kọ òfin náà ní Yorùbá tó mọ́ gaara, kí wọ́n kà á ní gbogbo gáréèjì àti lórí rédíò, kí wọ́n sì fún gbogbo ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ ní tiẹ̀. Ẹni tó bá fò ó lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú un. Màá wà lára àwọn tó máa pàtẹ́wọ́.

Àwa náà ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pẹ́ dé kíláàsì aago mẹ́jọ, tẹ́ ẹ máa ń sọ fún ọlọ́kadà pé "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi gba ibí, kò sẹ́ni tó máa rí yín," ẹ̀yin lẹ̀ ń tì í sínú pàkúté. Bí wọ́n bá mú un, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó fẹsẹ̀ rìn lọ. Òun ni yóò padà sílé láìsí ohun tó ń jẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń bú ọlọ́kadà ní púrúǹtù, ẹ wẹ̀yìn yín wò. Láti ìgbà SAP ní 1986 tí iṣẹ́ ti wọ́n, àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí náà ti gun ọ̀kadà. Láàárín wa níbí, owó ọ̀kadà ni bàbá àwọn kan fi san owó ilé-ìwé wọn. Láti ìgbà tí owó epo sì ti fò sókè ní 2023, owó yẹn ò rọrùn láti rí mọ́.

Nítorí náà mo ń dá a lábàá fún ẹgbẹ́ wa: kí a wá òfin ìrìnnà ìpínlẹ̀ yìí, kí a jókòó tì í, kí a túmọ̀ èyí tó kan ọlọ́kadà sí Yorùbá lójú ìwé kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì tó tẹ ìwé ìròyìn yìí lè tẹ ìyẹn náà. Ká gbé e lọ sí gáréèjì Àkúrẹ́, ká gbé e lọ sí Ọjà Ọba, ká kà á sókè fún ẹni tí kò lè kà. Ibi tí a kò bá sì ti rí àmì, ká kọ orúkọ ọ̀nà náà sílẹ̀, ká fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Alágbàká, ká bi wọ́n léèrè. Ní Yorùbá o! Kí àwọn náà wá ẹni tó máa bá wọn kà á.

Ìwé ẹ̀rí Yorùbá tá a fẹ́ gbà, bí kò bá lè gba bàbá kan lọ́wọ́ òfin tí kò lè kà, kí la fẹ́ fi ṣe? Ẹni tó bá fẹ́ bá mi ṣe iṣẹ́ yìí, kó wá sípàdé ẹgbẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó mú bírò dání. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà, kóun náà wá. Ẹ̀yin ìjọba, ẹ pààlè ná kẹ́ ẹ tó pariwo olè.